Ọwọ́ Mi Lórí Bọ́tìnnì

Ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe kẹ́ẹ̀gì òróró ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ọ̀tà. Ẹ̀rọ kan ni wọ́n fi sí ìkáwọ́ mi láti aago mẹ́fà àárọ̀ títí di aago méjì ọ̀sán. Bí aago méjì bá lù, bọ̀dá kan tó wá láti ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun á gbà á lọ́wọ́ mi. Káṣúà ni àwa méjèèjì, òṣìṣẹ́ ojúmọ́. Bí wọ́n bá ní kí káṣúà má wá lọ́la, ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀gá wa ti sọ pé kí ọdún tó parí, òun máa sọ ẹnì kan di sítáàfù, òṣìṣẹ́ gidi, nídìí ẹ̀rọ yẹn. Ẹnì kan ṣoṣo.

Ẹ̀rọ náà lágídí. Bọ́tìnnì mẹ́ta tí a ń fọwọ́ yí ló ń darí ìgbóná rẹ̀. Bí o bá ṣì í yí díẹ̀ báyìí, kẹ́ẹ̀gì á wọ́, tàbí kí ó lu nísàlẹ̀. Ó gbà mí ní oṣù mẹ́rin kí n tó mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ wà. Àwọn tó ti pẹ́ níbẹ̀ ló kọ́ wa ní àṣà kan: kí o tó kúrò nídìí ẹ̀rọ, yí bọ́tìnnì kúrò níbi tí o fi í sí. Wọ́n ní ẹni tó bá fi sẹ́tíìnì rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn, iṣẹ́ rẹ̀ ló fi sílẹ̀ yẹn. Mi ò tẹ̀ lé wọn, àfi ìgbà tí bọ̀dá yìí bẹ̀rẹ̀ sí í tètè dé.

Aago méjì kò tíì lù, á ti dúró sẹ́yìn mi. Á fa ìwé kékeré kan yọ lápò, á máa kọ nǹkan sí i.

Mo ní, "Bọ̀dá, kí lẹ̀ ń kọ?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Àbúrò, ọ̀rọ̀ ara mi ni. Àbí o fẹ́ gba owó orí lórí ẹ̀ ni?"

Ẹ̀rín yẹn kò dùn mọ́ mi. Kí ló ń tètè wá ṣe? Kí ló dé tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ọ̀gá ló máa ń gbà kọjá? Bí ó bá kí mi, ohun tó wà lẹ́yìn ìkíni náà ni mo máa ń wá.

Bẹ́ẹ̀, èmi ni mo ń darí àdúrà níbi tí a ti ń pààrọ̀ aṣọ láràárọ̀. Ohùn mi máa ń lọ sókè: "Olúwa, a ò ní agbára kankan, ìwọ nìkan la fẹ̀yìn tì!" Gbogbo wọn á ní, "Àmín!" Tó bá wá ku ìṣẹ́jú márùn-ún kí aago méjì lù, ọwọ́ kan náà tí mo gbé sókè sí Ọlọ́run láàárọ̀ á lọ sórí bọ́tìnnì kejì, á yí i. Díẹ̀ ni. Mo sọ fún ara mi pé ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Ẹ̀rọ yẹn kì í tètè gba àtúnṣe. Kí bọ̀dá tó mú un gún régé, kẹ́ẹ̀gì tó bàjẹ́ á ti ga dé orúnkún rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ọ̀gá gbé ọ̀kan sókè, ó fi í wo oòrùn. "Kí lèyí? Ṣé asẹ́ la ní kí o máa ṣe fún wa?" Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n fi gbé bọ̀dá lọ síbi tí wọ́n ti ń já àpò lẹ́yìn ọkọ̀ ńlá. Ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ nígbà náà. Mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Mo rò pé ọkàn mi á wá balẹ̀. Rárá o. Obìnrin kan láti Àtàn ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, ni mo bá tún ń ṣọ́ ìyẹn. Mo ń fi àyà bo bọ́tìnnì. Mi ò lè jáde lọ jẹun, àní títọ̀ pàápàá, mò ń mú un mọ́ra.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan lẹ́yìn náà, mò ń darí àdúrà. Mo dé ibi "ìwọ nìkan," Àmín kan sì dún láti ẹ̀yìn, ó ju ti gbogbo wọn lọ. Bọ̀dá ni; iṣẹ́ àpò ti gbé e wá sí àárọ̀. Ẹlòmíràn ló bá mi parí àdúrà náà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn mo bá a níwájú géètì, ó ń jẹ ẹ̀wà àti búrẹ́dì.

"Bọ̀dá, èmi ni mo ń yí ẹ̀rọ yẹn kí ẹ tó gbà á."

Ó jẹ èyí tó wà lẹ́nu rẹ̀ tán. "Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀?"

"Láti ọjọ́ kẹta. Ṣé aago méjì nìkan ni bọ́tìnnì mọ̀ tí ó máa ń ṣìwà hù?"

"Kí ló wá dé tí ẹ ò sọ fún ọ̀gá?"

"Wọ́n á lé ẹ. Èmi náà á wá máa ṣọ́ ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi, bí o ṣe ń ṣọ́ mi. Mo fà á lé Ọlọ́run lọ́wọ́." Ó fọwọ́ ti ìbàdí rẹ̀. "Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ń dùn mí o. Ìyẹn lo jẹ̀bi ẹ̀."

Kí n má purọ́, mo wo ojú rẹ̀ bóyá màá rí ẹ̀tàn níbẹ̀. Mi ò bi í nípa ìwé kékeré yẹn. Títí dòní, mi ò mọ ohun tó kọ sínú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, kí aago méjì tó lù, mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà mẹ́ta sára ẹ̀rọ náà, síbi tí bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ wà, mo sì kọ nọ́ńbà wọn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí mo ṣí ilẹ̀kùn ilé mi sílẹ̀ tí mo wá jáde nílé. Láti ibẹ̀ mo lọ bá ọ̀gá, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó ní orí ló kó mi yọ tí òun ò lé mi. Ó dá bọ̀dá padà sídìí ẹ̀rọ ní ipò mi, ó ní kí n lọ máa já àpò.

Wọn ò tíì dárúkọ ẹni tó máa di sítáàfù. Mi ò pariwo àdúrà mọ́. Kí n tó gbé àpò àkọ́kọ́ láàárọ̀, mo máa ń sọ fún Ọlọ́run pé mi ò mọ̀ bóyá wọ́n á ní kí n wá lọ́la. Òótọ́ ni mò ń sọ báyìí.

Ìfura kò tíì kúrò lára mi tán. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ náà kọjá, kí n lè wò ó bóyá wọ́n ti nu ìlà mi kúrò. Ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà níbẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì tuntun ni wọ́n fi tún un fà, nọ́ńbà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kì í sì í ṣe ìkọ̀wé mi.