Sàúdátù, Tí Wọ́n Ní Kó Jáwọ́ Nínú Sìgá Tí Kò Mu Rí

Sàúdátù kú lọ́sẹ̀ tó kọjá. Jẹjẹrẹ ahọ́n ló pa á, a sì sin ín sí Mowe kí oòrùn tó wọ̀. Ilé ìwòsàn tó tọ́jú rẹ̀ ní sìgá ló fà á. Sìgá wo? Sàúdátù tí mo mọ̀, tó ń rán híjáàbù ní àdúgbò wa ní Lotto, kì í jókòó ti amusìgá. Ọtí ńkọ́? Oògùn ikọ́ pàápàá, á kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀ kó tó gbé e mì, kó má lọ jẹ́ pé ọtí wà níbẹ̀.

Ẹ̀rín rẹ̀ la fi ń mọ̀ pé ó ti ṣí ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí egbò kékeré kan sọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ahọ́n rẹ̀ tó kọ̀ tí kò jinná, ó gba ilé ìwòsàn lọ.

"Ẹ jáwọ́ nínú sìgá, mà," ni dókítà àgbà wí. Kò tíì wo ẹnu rẹ̀ o.

"Dókítà, n kò mu ún rí."

"Bí gbogbo yín ṣe máa ń sọ nìyẹn."

Wọ́n ní àfi kó kọ́kọ́ lọ sí ìpàdé àwọn tó fẹ́ jáwọ́ nínú sìgá, kí àwọn tó yẹ egbò náà wò. Kí ni kó ṣe? Ó lọ. Ó jókòó sáàárín àwọn awakọ̀ àti bíríkìlà, ó ń bá wọn kẹ́dùn. Lọ́jọ́ ìparí, òun ni wọ́n pè jáde: kò sẹ́ni tó jáwọ́ bíi tirẹ̀! Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n fún un ní agboòrùn.

Mùsáfírù ọkọ rẹ̀ bi mí pé, "Ṣé kí n rẹ́rìn-ín ni, àbí kí n sunkún?"

Ìgbà tí wọ́n máa fi gé díẹ̀ nínú egbò náà fún àyẹ̀wò, kókó ti yọ lọ́rùn rẹ̀. Dókítà ọ̀dọ́ kan, Tòún, ní, "Ọ̀gá, obìnrin yìí ò mu sìgá, kò mutí. Àbùdá, ìyẹn jíìnì, inú jẹjẹrẹ irú rẹ̀ lè yàtọ̀ sí ti amusìgá. Ẹ jẹ́ ká fi ẹran yìí ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò tó jinlẹ̀." Ọ̀gá ní ẹni tó ti gba agboòrùn, amusìgá ni.

Nígbà tí Sàúdátù ò lè sọ̀rọ̀ mọ́, ó fi ìka kọ ọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ ọkọ rẹ̀: mi ò mu ún.

Ẹ̀yin aláṣẹ ìlera, ṣé iṣẹ́ yín ni kẹ́ ẹ máa di ẹ̀bi ru aláìsàn? Kí dókítà àgbà yẹn wá sí Lotto, kó sọ fún Mùsáfírù lójúkojú ìdí tí kò fi wo ẹnu ìyàwó rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Kí wọ́n yẹ ẹran tó ṣì wà lọ́wọ́ wọn wò. Bí wọn kò bá sì mọ ohun tó fa ikú rẹ̀, kí wọ́n sọ ọ́ ní gbangba pé àwọn kò mọ̀, kí wọ́n yé parọ́ mọ́ òkú.