Irin Tí Mo Kánjú Jó

Ọ̀sán gangan ni, irin sì gbóná débi pé ìsàlẹ̀ bàtà mi ń lẹ̀ mọ́ ọn. Ọkọ̀ ojú omi pẹrẹsẹ tó ń gbé epo là ń tún ṣe létí ọ̀sà, lẹ́yìn Satellite Town. A ti gé ibi tó dípẹtà lórí rẹ̀ kúrò, irin tuntun la fẹ́ jó dí ojú ibẹ̀. Èmi ni ẹńjíníà. Oṣù kẹta mi rèé níbi iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń pàṣẹ, ẹ ó rò pé èmi ni mo ni ọ̀sà.

Bàbá wẹ́dà wa kì í kánjú ní tiwọn. Wọ́n á jó ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan, wọ́n á lọ jó òmíràn lódìkejì, wọ́n á wá jókòó máa jẹ ẹ̀pà. Kí wọ́n tó tún bẹ̀rẹ̀, wọ́n á kọ́kọ́ fọwọ́ kan irin wò. Lójú tèmi, eré ni wọ́n ń ṣe. Bẹ́ẹ̀ mo ní ìdánrawò akọrin ní Festac ní aago márùn-ún.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jó o lọ tààrà. Ẹ jẹ́ ká fínísì.”

“Ẹńjíníà, irin tó gbóná ti fẹ̀ o. Tó bá tutù, á súnkì. Tá a bá ti dè é mọ́lẹ̀ yíká, níbo ló fẹ́ sún lọ? Á ya ni.”

“Mo kà á ní yunifásítì, sà.”

Wọ́n wò mí, wọ́n fa ìbòjú wọn wálẹ̀, wọ́n jó o lọ tààrà.

Mo ń fọwọ́ lọ́wọ́ nígbà tí atẹ́gùn ìrọ̀lẹ́ dé. Gbàù! Irin ti ya láti igun dé ìdajì.

Ọ̀gá wa sáré dé. “Bàbá, ogbó ti dé sí yín. Ẹ kó irinṣẹ́ yín, ẹ máa lọ sílé.”

Gbólóhùn kan péré ni Bàbá ìbá sọ, èmi ni ǹ bá kó ẹrù. Wọn ò sọ ọ́. Wọ́n kàn ń ká wáyà wọn. Ojú tì mí gan-an.

“Ọ̀gá, èmi ni mo ní kí wọ́n kánjú. Wọ́n kìlọ̀ fún mi, sà.”

Ọ̀gá bú mi dáadáa, ó sì ní èmi fúnra mi ni màá fi gíráíńdà lọ ibi tó ya, kí Bàbá lè tún un jó. Àwọn akọrin ò rí mi lọ́jọ́ náà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá jó ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan, wọ́n jókòó, wọ́n bu ẹ̀pà sí mi lọ́wọ́.

“Ṣé ká máa jó o lọ?”

“Ṣé èmi lẹ̀ ń bi ni, sà?”

“Ta ni ẹńjíníà níbí?”

Mo fọwọ́ kan irin náà. Ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́.

“Ẹ jẹ́ ká jẹ ẹ̀pà sí i, sà.”