Ọwọ́ Ìkọ̀wé Ìyá Fáìlì

Láti ọdún mọ́kànlélógún tí Ìyá Fáìlì ti ń ṣe akọ̀wé ìpàdé ní káńsù, ẹ̀ẹ̀kan péré ni fáìlì ìpàdé kúrò lábẹ́ ojú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan náà ló sì ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Orúkọ ìnagijẹ ni Ìyá Fáìlì, àwọn káńsẹ́lọ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bí màmá yìí bá dìde láti lọ sẹ́yìn ilé, yóò fi báàgì rẹ̀ sílẹ̀ lórí àga, ṣùgbọ́n yóò há fáìlì mọ́ abẹ́ apá. Awakọ̀ alága máa ń ṣẹ̀fẹ̀ pé bí iná bá sọ ní káńsù, màmá á ti gbé fáìlì dé títì kó tó rántí pé òun gbàgbé bàtà.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ nìyí. Nínú yàrá ìpàdé, nídìí tábìlì gígùn tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ró, yóò máa fi pẹ́ńsùlù sáré kọ ohun tí wọ́n bá sọ sínú jọ́tà. Bí ìpàdé bá tú, yóò jókòó, yóò fi bíró da gbogbo rẹ̀ kọ sórí abala ìwé tó mọ́ tónítóní, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan á dúró ṣánṣán bí ọmọ iléèwé tí olùkọ́ ń wò. Ní ìpàdé tó bá tẹ̀lé e, yóò dìde, yóò kà á sókè. Ẹnì kan á ní bẹ́ẹ̀ ló rí, ẹlòmíràn á gbè é lẹ́sẹ̀, alága á fọwọ́ sí i. Ìgbà náà ló tó di ọ̀rọ̀ ìjọba.

Kó tó kọ lẹ́tà kan sórí abala kankan, ó ní láti kọ́kọ́ fa àgbélébùú kékeré kan sí igun rẹ̀ lápá òsì, tí kò ju èèrà lọ. Ó ní òun ń bẹ Ọlọ́run kó bá òun di ọwọ́ náà mú ni.

Ẹnì kan ṣoṣo ló tún ń fa irú àgbélébùú bẹ́ẹ̀: àbúrò rẹ̀, tó ti di alága káńsù báyìí.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni Ìyá Fáìlì nígbà tí ìyá wọn ń rọbí àbúrò yìí. Ilé ìgbẹ̀bí tó sún mọ́ wọn jù lọ nígbà náà, ìrìn wákàtí méjì ni. Ìyá wọn kò débẹ̀. Ẹ̀bá ọ̀nà ló bí ọmọ sí, ẹ̀bá ọ̀nà náà ló sì kú sí. Bàbá wọn, káfíńtà tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, gbé ọmọ náà lé ọmọbìnrin rẹ̀ lọ́wọ́, ó ní, “Tìẹ nìyí.”

Ó pọ̀n ọ́n. Ó fi ọdún kan pa iléèwé tì nítorí rẹ̀. Nígbà tí ọmọ tó kọ́ ìwé, ó mú èédú, ó mú àfọ́kù pákó nínú ṣọ́ọ̀bù bàbá wọn, ó sì di ọwọ́ ọmọ náà mú sínú ọwọ́ tirẹ̀, wọ́n jọ ń kọ á, bí, dí títí tí ọwọ́ kékeré náà fi mọ ọ̀nà. Ó kọ́ ọ ní àgbélébùú pẹ̀lú. Nígbà tó yá, bàbá wọn kò lè fi ìwé ẹ̀gbọ́n yàtọ̀ sí ti àbúrò mọ́. Ọmọ náà sì gbọ́n tayọ. Ó ń kọ lẹ́tà fún olùkọ́ rẹ̀ ní orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, pé inú ń run àbúrò òun. Ọjọ́ tí àṣírí tú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nà án ní ẹgba mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ló wọ yàrá lọ, ó sì rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ẹ̀rín yẹn, ìbá má rín in.

Ìjọba padà kọ́ ilé ìgbẹ̀bí sí àárín ìlú: ibùsùn mẹ́fà, ògiri aláwọ̀ ewé, nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí kan tí ohùn rẹ̀ le ṣùgbọ́n tí ọwọ́ rẹ̀ rọ̀. Ibẹ̀ ni Ìyá Fáìlì bí ọmọ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí. Nígbà tí àbúrò rẹ̀ sì ń du ipò alága, ojúlé dé ojúlé ló bá a rìn. Ohun kan náà ló ń sọ ní gbogbo ẹnu ọ̀nà: “Èmi ni mo tọ́ ọ. Kò lè purọ́ fún yín.”

Ọdún kejì tó gorí àga ni lẹ́tà kan wá sí káńsù. Olówó kan fẹ́ ilẹ̀ ilé ìgbẹ̀bí, ó fẹ́ fi kọ́ ilé ìtajà alájà mẹ́ta. Wọ́n jíròrò rẹ̀ ní ìpàdé. Káńsẹ́lọ̀ kan tó jẹ́ télọ̀ dìde, ó ní ẹni tó bá ta ibi tí wọ́n ti ń gbẹ̀bí, ṣé ìyàwó ọmọ rẹ̀ máa bímọ sí ilé ìtajà ni? Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Wọ́n fẹnu kò pé ilé ìgbẹ̀bí kò ní kúrò níbi tó wà, kí wọ́n sì tún òrùlé rẹ̀ ṣe kí òjò tó dé. Alága ká lẹ́tà olówó náà sí àpò. Ìyá Fáìlì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Nígbà tí ìpàdé kejì ku ọjọ́ kan, àbúrò rẹ̀ wá bá a nílé lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà bó ṣe máa ń ṣe, ó mu omi, ó béèrè àwọn ọmọ, ó sì ní kí ẹ̀gbọ́n òun yá òun ní fáìlì kí òun yẹ̀ ẹ́ wò. Ìyá Fáìlì fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé fáìlì òun kì í sùn níta.

Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí ìgbà tó wà lọ́mọdé. “Àǹtí mi, ṣé èmi náà lẹ fẹ́ máa ṣọ́ ni?”

Ó gbé e fún un. Ẹni tí èèyàn ti fọ ìdí rẹ̀, tó ti nu imú rẹ̀, ta ló máa ń béèrè ẹni tó máa dúró fún un?

Lọ́jọ́ kejì, fáìlì dé kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀. Ìyá Fáìlì ka abala rẹ̀, márùn-ún ni, ó pé. Ó wo igun wọn, àgbélébùú wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ó ka abala kìíní, ó ka ìkejì. Nígbà tó kan ìkẹta, ohun tó bá níbẹ̀ ni pé ìgbìmọ̀ ti fẹnu kò láti gbé ilé ìgbẹ̀bí lọ sẹ́yìn ìlú, kí alága sì yọ̀ǹda ilẹ̀ náà fún ẹni tó bá rí pé ó yẹ.

Ó gbé ìwé náà sún mọ́ ojú. Lẹ́tà náà dúró ṣánṣán. Tirẹ̀ ni. Ó kọ́kọ́ rò pé orí òun ti ń dàrú. Lẹ́yìn náà ló tún wo àgbélébùú igun ìwé, tí kò ju èèrà lọ, ó sì yé e. Ọmọ náà kò gbàgbé ohunkóhun tí òun kọ́ ọ.

Alága ń wo ṣóńṣó bíró rẹ̀. “Ẹ máa bá a lọ, akọ̀wé,” ló wí. Kò pè é bẹ́ẹ̀ rí.

Ìyá Fáìlì ní òun kọ́ ló kọ abala yìí. Igbákejì alága rẹ́rìn-ín, ó ní ta ni kò mọ ọwọ́ ìkọ̀wé màmá nínú káńsù yìí. Wọ́n gbé ìwé náà yíká tábìlì, kálukú ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, màmá ló kọ ọ́. Ó wojú télọ̀. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í fa òwú kan tó yọ lára ọwọ́ aṣọ rẹ̀. Wọ́n ti bẹ̀ ẹ́ wò nílé, ìyẹn hàn.

“Ó lè jẹ́ pé ẹ gbàgbé ni, màmá,” télọ̀ sọ ọ́ jẹ́jẹ́. “Ọjọ́ orí ni. Ó ń ṣe gbogbo wa.”

Ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ nìyẹn. Bó bá gbà pé òun gbàgbé, ojú kò ní ti ẹnikẹ́ni, àbúrò òun á ṣì jẹ́ àbúrò òun. Bó bá sọ òtítọ́, kò ní ní àbúrò mọ́. Ó gbé ọwọ́ lé tábìlì.

“Ẹnì kan ṣoṣo ló wà láyé tó lè kọ̀wé bí èmi,” ló wí. “Èmi ni mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.”

Kò nawọ́ sí ẹnikẹ́ni. Ó fa jọ́tà rẹ̀ yọ, ó ní ohun tí wọ́n sọ nìyí. Alága kò gbójú sókè. Ó rọra sọ pé ohun tí a fi pẹ́ńsùlù kọ kì í ṣe ìwé ìjọba. Òtítọ́ sì ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló kọ́ ọ ní òfin yẹn nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Wọ́n dìbò. Ọwọ́ mẹ́sàn-án ló gbéra sókè, àwọn méjì tó kù ń wo àjà. Alága fọwọ́ sí i. Ìyá Fáìlì kọ̀, kò fọwọ́ sí ibi tó jẹ́ tirẹ̀. Títí dòní, ibi tó yẹ kí orúkọ akọ̀wé wà lórí ìwé náà ṣófo.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, wọ́n gbé Ìyá Fáìlì lọ sí yàrá tí wọ́n ń kó fáìlì àtijọ́ sí, lẹ́yìn táǹkì omi. Wọ́n wó ilé ìgbẹ̀bí kí òjò tó dé, nítorí náà, kò sẹ́ni tó tún dààmú nípa òrùlé. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Wọn kò sọ fún wa pé ọjọ́ tí òtítọ́ bá débẹ̀, á bá ilé alájà mẹ́ta lórí ilẹ̀ náà.

Àbúrò rẹ̀ wá ní ẹ̀ẹ̀kan sí i. Lọ́tẹ̀ yìí kò bọ́ bàtà. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ní, “Ẹ̀yin lẹ bí mi, ẹ̀yin náà lẹ tún dójú tì mí láàárín ìta.”

“Èmi kọ́ ni mo bí ọ,” ni Ìyá Fáìlì dá a lóhùn. “Màmá wa ló bí ọ. O sì mọ ibi tó kú sí.”

Ó yípadà, ó lọ. Ìyá Fáìlì kò pè é padà. Ṣùgbọ́n orúkọ àbúrò rẹ̀ kò kúrò nínú àdúrà àárọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló máa ń dárúkọ rẹ̀, bí ẹni tó ní ìkẹrin.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń gba fọ́ọ̀mù yẹ ohun tó kọ wò, ó sì béèrè bóyá màmá ní àìlera ní ọwọ́. Lẹ́tà rẹ̀ wọ́ lọ sápá òsì, wọn kò bára mu, bí ìwé ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìyá Fáìlì ní rárá, ọwọ́ òun yá. Òun kàn ń kọ́ ìwé kọ lọ́tun ni. Ẹnì kan ló gba ti àtijọ́, ó sì ṣì ń lò ó.

Ọmọbìnrin náà rò pé ẹ̀fẹ̀ ni, ó rẹ́rìn-ín. Ó fi ìka hàn án pé abala kan tún kù tí màmá kò tíì kọ. Ìyá Fáìlì fà á mọ́ra. Ó wo igun rẹ̀ lápá òsì fún ìgbà díẹ̀, ó gbé bíró síbẹ̀, ó tún gbé e kúrò. Lẹ́yìn náà ló fa àgbélébùú náà, kékeré bí èèrà, gẹ́lẹ́ bó ṣe máa ń fà á.