Jíìpù Bàbá Mi Kò Tíì Di Irin Lásán

Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọbìnrin kékeré lábúlé wa lẹ́bàá Alájue, bí ẹ bá ti rí i tí adìẹ ń sá tí ajá ń gbó, ẹ ti mọ̀ pé jíìpù bàbá mi ló ń bọ̀. Jíìpù àtijọ́ ni o, ẹ̀yin ọmọ òde òní, kì í ṣe èyí tí àwọn olówó yín fi ń ṣe fáàrí. Tapólì ni wọ́n fi bo orí rẹ̀, pákó ni ìjókòó ẹ̀yìn rẹ̀, kò sì sí ẹrẹ̀ tí kì í là kọjá. Kòkó, iṣu, ìyàwó, aláìsàn, òkú pàápàá, gbogbo rẹ̀ ni bàbá mi ń fi í gbé wọ Ẹdẹ.

Jíìpù yẹn náà ló wà lẹ́yìnkùlé agbo ilé wa l'Ẹdẹ títí di òní. Ní nǹkan bí oṣù kan sẹ́yìn, àbúrò mi ọkùnrin pè mí lórí fóònù pé àwọn tó ń ra àlòkù irin ń bọ̀ ní Sátidé, pé wọ́n á fi gáàsì gé e, wọ́n á sì kó o lọ. Ó ní èmi tí mo jẹ́ àgbà nìkan ni ẹbí ń dúró dè kí n fọwọ́ sí i. Mo ní kí wọ́n dúró, mò ń bọ̀. Kí ẹ lè mọ ohun tó mú mi gbaná jẹ, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni láti kékeré.

Odò kan wà lójú ọ̀nà wa sí Ẹdẹ nígbà náà, kò ní afárá. Lásìkò òjò, bàbá mi á dúró létí rẹ̀, á ṣí bọ́néètì, á yọ fáńbẹ́ẹ̀tì, ìyẹn bẹ́líìtì rọ́bà tó ń yí fáànù. Bí fáànù bá ń yí nínú omi, ṣe ló máa fọ́n omi sára ẹ́ńjìnnì, ọkọ̀ á sì kú sáàárín odò. Ẹni tó bá kéré jù nínú ọkọ̀ ni wọ́n máa ń fi bẹ́líìtì náà kọ́ lọ́rùn títí ọkọ̀ á fi gòkè odò tí wọ́n á dá a padà, wọ́n ní ọmọdé kì í gbàgbé ohun tó wà lọ́rùn rẹ̀. Èmi a sì máa yan bí ìyàwó ọ̀ṣìngín.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ìrọbí mú ìyá mi. Ọmọ dábùú nínú rẹ̀. Ìyá àgbà tó ń gbẹ̀bí lábúlé wo bàbá mi lójú, ó ní, "Tètè gbé e lọ sí ọsibítù, ọ̀rọ̀ yìí ti kọjá ọwọ́ mi." Nígbà tí a dé odò, omi ti kún dé bèbè. Bàbá mi yọ bẹ́líìtì, ó fi kọ́ mi lọ́rùn. Ó gbóná, ó ń jó mi lára, ni mo bá fi kọ́ ẹ̀ka igi kan kí n lè ráyè gbé ẹrù ìyá mi sókè, kí omi má kàn án. Bí ìyá mi ṣe figbe ta nìyẹn. Mo fò sínú ọkọ̀.

Omi wọ inú ọkọ̀, jíìpù gbọ̀n, ó fẹ́ẹ̀ kú, ṣùgbọ́n ó gòkè. Bàbá mi sọ̀ kalẹ̀, ó nawọ́ sí mi. "Bẹ́líìtì dà?"

Mo fọwọ́ kan ọrùn mi. Mo kàn ń nawọ́ sí òdìkejì odò ni. Omi ń ga sí i, kò sẹ́ni tó lè padà. Láìsí bẹ́líìtì, ẹ́ńjìnnì á hó kí á tó rìn jìnnà. Ìyá mi ti dákẹ́ igbe, ìdákẹ́ yẹn ló sì bà mí lẹ́rù jù.

Bàbá mi kò nà mí. Ó tú ẹrù ìyá mi, ó fa ọ̀já tuntun tí wọ́n rà sílẹ̀ láti fi pọn ọmọ náà yọ. Ó rẹ ẹ́ sómi, ó lọ́ ọ bí okùn, ó so ó síbi tí bẹ́líìtì máa ń wà. Ó ń wakọ̀ díẹ̀, ó ń dúró, ó ń tún un so. Títí a fi dé Ẹdẹ ni mò ń ka Fátíà, torí òun nìkan ni mo mọ̀. Dókítà ní bí a bá pẹ́ sí i ni, tìyátọmọ ni à bá pàdánù. Bàbá mi sọ fún gbogbo ayé pé bẹ́líìtì ló já. Ó mú àṣírí náà wọ sàréè, ìyá mi náà sì kú láìmọ̀. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ náà ni àbúrò mi tó fẹ́ ta jíìpù.

Nígbà tí mo dé agbo ilé ní Sátidé, ọkọ̀ àwọn onírin ti wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ti sọ sílíńdà gáàsì kalẹ̀. Àbúrò mi kí mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Kò sí páàtì rẹ̀ lọ́jà mọ́, yàrá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ poli la fẹ́ kọ́ síbẹ̀. Ìtàn ò lè gbé ọkọ̀ rìn." Ẹnu mi mú, gbogbo ẹbí ló mọ̀, mo sì ti múra èébú sílẹ̀. Ẹkún ló jáde. Mo sọ gbogbo rẹ̀ níwájú wọn.

Àbúrò mi yíjú sí mi. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin lẹ fẹ́ẹ̀ pa mí?"

"Èmi ni."

Ó dìde, ó lọ bá àwọn onírin, mi ò gbọ́ ohun tó sọ. Wọ́n gbé sílíńdà wọn, wọ́n lọ. Nígbà tó padà dé, kò wojú mi. "Oṣù kan péré. Tí jíìpù yìí kò bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde níbí láàárín oṣù kan, màá pè wọ́n padà."

Ayé ti yí padà, ẹ̀yin ọmọ mi. Wọ́n ti ṣe afárá sórí odò, ọ̀dà ti dé ojú ọ̀nà, ọ̀kadà ń fi ìṣẹ́jú díẹ̀ rin ohun tí a ń fi gbogbo òwúrọ̀ rìn. Ohun tí a bẹ Ọlọ́run fún náà ló sọ jíìpù bàbá mi di aláìníṣẹ́, mi ò sì lè bá afárá jà. Mẹkáníìkì méjì ti wá, wọ́n mirí, wọ́n lọ. Bàbá arúgbó kan ń bọ̀ láti ìlú Awo lọ́la, ó ní òun mọ irú ẹ́ńjìnnì náà nígbà tí ojú òun ṣì ń ríran dáadáa. Oṣù náà ku ọjọ́ mẹ́rin. Àbúrò mi ò tíì pè mí láti ọjọ́ yẹn. Bí jíìpù bá lọ, màá sunkún, màá sì nujú. Àbúrò mi ni mi ò fẹ́ pàdánù.