Bàbá Ọlọ́rùn àti Òjò Tó Pẹ́

Bí ẹ bá dé etí omi Ipakodo ní Ìkòròdú tí ẹ ní Bádéjọ lẹ ń wá, wọ́n á bi yín pé, Bádéjọ wo? Ṣùgbọ́n ẹ ní Bàbá Ọlọ́rùn, ọmọdé á mú yín dé ẹnu ọ̀nà. Ẹ pè é dáadáa o. Kì í ṣe Ọlọ́run Ọba; ọlọ́rùn ni, ẹni tó ni ọrùn. Pásítọ̀ ìjọ wọn ti bá àwọn èèyàn jà lórí orúkọ náà títí ó fi sú u. Ó ní lọ́jọ́ kan, ẹnìkan á ṣi ohùn pè é, ẹ̀ṣẹ̀ á dé. Etí omi ò gbọ́.

Iṣẹ́ tó ń fi ọrùn náà ṣe rèé. Ní ìdájí, kó tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, á bọ́ sí etí ọ̀sà láìwọ ẹ̀wù, á bu omi ra ẹ̀yìn ọrùn, á sì dúró gbọnin. Bí omi náà bá tètè gbẹ, kí àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi máa lọ. Bí kò bá gbẹ, tó kàn lẹ̀ mọ́ ọn lára bí òógùn, á ní, "Ẹ so ọkọ̀ mọ́lẹ̀. Òjò ń bọ̀, ìjì ló máa ṣáájú rẹ̀." Ọmọ Ìlàjẹ ni. Inú ọkọ̀ ẹja ni wọ́n gbé e wá sí Ìkòròdú láti etí òkun Oǹdó nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́. Kò fẹsẹ̀ kan iléèwé rí, ṣùgbọ́n àwọn tó kàwé ń dúró de ọrùn rẹ̀ kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ẹni tó bá ṣorí kunkun sí i, ojú ara rẹ̀ ló fi ń rí i. Àwọn kan ò tilẹ̀ padà wá ròyìn.

Ọdún yìí ni nǹkan wá yí bìrí. Oṣù kẹta parí, òjò kò rọ̀. Oṣù kẹrin dé ìdajì, ojú ọ̀run ṣì mọ́ kedere bí ìgbà ọyẹ́. Ooru mú débi pé páànù orí ilé ń dún lọ́sàn-án. Ẹ̀jẹ̀ Bádéjọ ru, ó ṣubú lẹ́ẹ̀kan, ni Glory ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, bá wá fipá gbé e lọ sí ilé tirẹ̀ ní Igbógbó. Ó ti mú yàrá kan sílẹ̀ dè é. Ohun tí àwọn oníròyìn ń pè ní ẹ̀rọ amúlétutù, tí gbogbo wa ń pè ní éésì, wà lára ògiri níbẹ̀. Sólà orí òrùlé ló ń gbé e ṣiṣẹ́.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣí wíńdò o," Glory kìlọ̀ fún un. "Ooru á wọlé, gbogbo ẹ̀ á dẹ̀ já sí asán."

"Ṣé o fẹ́ sọ mí di ẹja inú fírísà ni?"

Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, ìdí rẹ̀ kò gbé ibì kan. Á jókòó, á dìde, á dé ẹnu ọ̀nà, á tún padà. Ní ọjọ́ kẹrin, ẹ má bínú pé mo ń tú àṣírí àgbàlagbà, éésì náà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mọ́ ọn. Ó béèrè bùláńkẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó ti ń jí kí àkùkọ tó kọ láti kékeré wá ń sùn títí ilẹ̀ fi ń mọ́ kedere.

Ní ìrọ̀lẹ́ á jáde lọ jókòó ti Munirah, ará Ẹ̀pẹ́ tó ń ta omi tútù àti yìnyín níwájú ilé.

"Bàbá, òjò yìí dà?" Munirah bi í lọ́jọ́ kan. "Ní Jímọ̀ tó kọjá, wọ́n kírun tọrọ òjò lọ́dọ̀ wa l'Ẹ̀pẹ́. Ìyá mi ní ẹja ò wọ Ọjà Olúwo bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Wọ́n ní ayé ló ń gbóná."

"Ayé ti ń gbóná tipẹ́. Òjò á rọ̀. Èyí tó bá pẹ́ báyìí, tìjà-tìjà ló máa ń wá."

"Kò kàn yín ṣá, inú òtútù lẹ ń sùn. Èmi, bí kò bá rọ̀, yìnyín mi á tà. Bó bá rọ̀, màá rí oorun sùn."

Bádéjọ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú òtútù yẹn dùn ún. Nítorí Godwin ni. Godwin, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ló ń fi ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kó àwọn obìnrin ẹlẹ́ja láti Ipakodo lọ sí Ọjà Olúwo l'Ẹ̀pẹ́. Kò sí àárọ̀ kan tí kì í pe bàbá rẹ̀ kó tó gbéra. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló máa ń bi í: "Bàbá, ọrùn ńkọ́?" Bádéjọ á sì jáde sí ẹ̀yìnkùlé, á fi omi ẹ̀rọ ra ọrùn, á dúró, á dá a lóhùn.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, fóònù dún, Bádéjọ wà lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì. Ó wo ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn jìnnà. Kọ́ọ̀bù omi wà lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ní, ṣebí omi ni omi ń jẹ́. Ó tọwọ́ bọ̀ ọ́, ó fi ra ẹ̀yìn ọrùn níbi tó jókòó sí. Éésì fẹ́ sí i. Kó tó mí lẹ́ẹ̀mejì, omi ti gbẹ.

"Ó ti gbẹ," ó wí. "Máa lọ. Kò sí òjò lónìí."

Godwin ní, "Ó dáa, Bàbá. Ẹ ṣé."

Nígbà tó yá, ó dìde láti lọ fọ ẹnu. Bó ti ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé báyìí, ooru dì mọ́ ọn. Ooru náà kì í ṣe ti àná. Ewé máńgòrò kan kò mì. Èèrà ń gun ògiri lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọ́n gbé ẹyin sẹ́nu. Bádéjọ sáré bu omi, ó fi ra ọrùn, ó dúró. Kò gbẹ. Ó fi aṣọ nù ún, ó tún un rà. Kò gbẹ. Ìgbà yẹn ló yé e pé ọ̀rọ̀ éésì ló gbé fún ọmọ rẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́.

"Yéè! Mo ti pa ọmọ mi!"

Ó pe Godwin. Obìnrin inú fóònù ní kò ṣeé pè. Bó ṣe wà pẹ̀lú ṣòkòtò nìkan ló bọ́ sígboro, Munirah ń pariwo pé, "Bàbá, ẹ̀wù ńkọ́?" Kẹ̀kẹ́ Márúwá kan gbé e dé Ipakodo, ó ń sọ fún ẹni tó ń wà á jálẹ̀ ọ̀nà pé kó tẹ iná mọ́ ọn.

Ọkọ̀ ti lọ. Àwọn tó wà létí omi ń kí i tẹ̀ríntẹ̀rín. "Bàbá Ọlọ́rùn, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta! Godwin ní ẹ ní ọ̀nà ti là, ìdí nìyẹn táwọn obìnrin fi kún inú ọkọ̀." Bádéjọ ń rìn lọ rìn bọ̀ lórí pákó èbúté, ó ń pe fóònù tí kò lọ. Kò tíì tó aago mẹ́sàn-án nígbà tí apá Ẹ̀pẹ́ dúdú kirikiri. Afẹ́fẹ́ tútù kan fẹ́, ìjì tẹ̀ lé e, omi ọ̀sà ru sókè, òjò dé.

Òjò tó rọ̀ ló kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìẹ: ọlọ́jà, ẹlẹ́ja àti oníyanrìn há sábẹ́ bùkà kan, wọ́n ń jó. Àwọn kan ń gbé korobá síta, àwọn kan ń kọrin ìyìn. Òjò tí gbogbo ìlú ti ń tọrọ láti oṣù méjì, Bádéjọ nìkan ló ń sunkún, tó ń bẹ Ọlọ́run pé kó dá a dúró.

Òjò náà dáwọ́ dúró lẹ́yìn wákàtí kan. Omi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rọlẹ̀ nígbà tí wọ́n rí ọkọ̀ kan lápá Báyékù, lójú ọ̀nà Ẹ̀pẹ́. Bádéjọ ka orí àwọn tó wà nínú rẹ̀, ó tún un kà. Godwin wà níbi ẹ́ńjìnnì. Bàbá náà jókòó sórí pákó tó tutù.

Obìnrin ẹlẹ́ja kan ló kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀. "Bàbá, ọrùn yín já wa kulẹ̀ lónìí o! Ẹ́ńjìnnì ló gbà wá. Ó bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́ ní Báyékù, a bínú títí, àṣé Ọlọ́run ló dá wa dúró."

Nígbà tí èrò tú ká tán, Bádéjọ fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó gbá a mú bí ìgbà tó wà lọ́mọdé.

"Kí ló ṣe ẹ́ńjìnnì?"

Godwin wo ilẹ̀. "Kò ṣe nǹkan kan, Bàbá, èmi ni mo pa á. Nígbà tí ẹ ń sọ̀rọ̀, mò ń gbọ́ éésì lẹ́yìn ohùn yín. Mo mọ̀ pé ẹ ò jáde."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún wọn?"

"Kí n ní kí ni? Pé bàbá mi purọ́?"

Ó lé ní ogójì ọdún tí àwọn èèyàn ti ń gba ọ̀rọ̀ Bádéjọ gbọ́ kí omi má bàa gbé wọn lọ. Ọmọ tirẹ̀ ni ẹni àkọ́kọ́ tó yè nítorí pé kò gbà á gbọ́.