Igi Tẹ́ẹ̀kì Láàrin Ebè Iṣu Mi

Inú ṣì ń bí mi. Mi ò ní parọ́ fún yín pé ó ti tán.

Lẹ́bàá ọ̀nà Idigny, ní Kétu wa, ni oko bàbá mi wà. Àgbẹ̀ ni bàbá mi títí ó fi kú. Nígbà tí ọkọ mi kú tí mo padà sílé, kò sọ pé kí n lọ wá ọkọ mìíràn. Ọkọ́ ló gbé lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Apá ibi tí igi ayán wà lọ́hùn-ún, tìrẹ ni." Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́, èmi ni mo ń fi alùpùpù gbé e lọ sóko. Á jókòó sábẹ́ igi, á máa bú àwọn ọ̀bọ tó ń jẹ àgbàdo wa.

Kútọnu ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń gbé. Àgbàdo oko yẹn ló fi kàwé. Kò pẹ́ tí a sin bàbá tán, mo dé oko láàárọ̀, mo bá àwọn ọkùnrin tí n kò mọ̀ rí tí wọ́n ń gbin igi tẹ́ẹ̀kì sáàrin ebè mi, tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ iṣu mi mọ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi dúró ní ibòji, ó ń wò wọ́n.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ ń ṣe yìí?"

"Igi ni mò ń gbìn."

"Sórí iṣu mi?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Obìnrin kì í nílẹ̀ nílé bàbá rẹ̀. Wa iṣu ọdún yìí, kí o wá ibòmíràn lọ."

Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó gbin igi ló nilẹ̀. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa.

Mo lọ bá àbúrò bàbá mi, olórí ẹbí wa. Ó ní, "Ọmọ mi, ìṣojú mi ni bàbá rẹ fún ọ nílẹ̀. Àmọ́ ṣe sùúrù. Ọkùnrin ni ẹ̀gbọ́n rẹ."

"Ìṣojú yín ni, ẹ ò sì lanu sọ̀rọ̀?"

Ó dìde, ó wọlé.

Ọ̀sán gangan ni mo padà sóko. Mo ń fa igi wọ̀nyẹn tu, àwọn tó ń ti ọjà Kétu bọ̀ dúró lójú ọ̀nà, wọ́n ń wò mí. Obìnrin méjì sọ ẹrù wọn kalẹ̀, wọ́n bá mi fà á. Wọn ò béèrè ohunkóhun. Mo kó gbogbo rẹ̀ dà sẹ́nu ọ̀nà àbúrò bàbá mi. Mo ní, "Igi ọmọ yín rèé."

Ẹbí wá pe ìpàdé. Ẹ̀gbọ́n mi pariwo títí ohùn rẹ̀ fi há. Ìgbà yẹn ni àbúrò bàbá mi tó sọ òtítọ́, bí ẹni tí wọ́n fi tipá la ẹnu rẹ̀. Wọ́n ní kí ilẹ̀ náà wà lọ́wọ́ mi títí n ó fi kú. Lẹ́yìn mi, kó di ti àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi.

Èmi náà bímọ. Obìnrin ni.

Àwọn ará ilé ní kí n dúpẹ́. Lọ́wọ́ ta ni? Mo ti ránṣẹ́ sí wọn pé a ó tún jókòó, àti pé ọmọ mi yóò wà níbẹ̀, yóò sì sọ̀rọ̀.