Ojú Ìwé Tí Mo Parọ́ Kà

Òórùn káńfọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ kan èèyàn nímú bí a bá ṣí àpótí náà, kí òórùn bébà gbígbó tó tẹ̀ lé e. Ìwé méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan ti bàbá ńlá wa, èkejì ti ìyàwó wọn. Aṣọ ni tọkọtaya náà ń tà nígbà tí ogun ṣì ń jà káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Wọ́n á ra aṣọ òfì lọ́jà Òjé n'Ìbàdàn, wọ́n á gbé e lọ sí Abẹ́òkúta, wọ́n á gbé iyọ̀ àti òwú bọ̀. Ìrìn àjò yẹn ni wọ́n ti bá ìgbàgbọ́ pàdé. Wọ́n ti dàgbà kí wọ́n tó kọ́ á-bí-dí, àmọ́ látọjọ́ tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n kọ, kò sí ìrọ̀lẹ́ tí wọn ò kọ ohun tójú wọn rí àti ohun tí wọ́n bá Ọlọ́run sọ sílẹ̀, kálukú nínú ìwé tirẹ̀.

Nílé wa ní Bẹẹrẹ, díẹ̀ ló kù kí wọ́n pe ìwé méjèèjì ní Bíbélì. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi, Màmá àgbà, ìyá bàbá mi, á ní ká gbé àpótí wá, ká ka ojú ìwé kan. Bí ọ̀rọ̀ kan bá dìjà nínú ilé, ohun tí àwọn ẹni àná wọ̀nyẹn kọ la fi ń parí ẹ̀. Bàbá mi ló ń kà á. Nígbà tí wọ́n kú, tí ojú Màmá àgbà sì ti ń di bàìbàì, ó kàn mí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìwé mẹ́wàá ni. Èdè Yorùbá gan-an ni mo ti fìdí rẹmi nínú ìdánwò, síbẹ̀ mò ń rìn nínú ilé bí ọ̀jọ̀gbọ́n.

Ìwé bàbá ńlá rọrùn, ọwọ́ wọn dúró gbọnrangandan. Ti ìyá ńlá ni wàhálà. Bébà wọ́n láyé wọn, nítorí náà bí wọ́n bá kọ ojú ìwé kan kún, wọ́n á yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á tún kọ òmíràn lé e ní ìbú. Lójú tèmi, ó dà bí ẹní tí wọ́n hun. Màá wá ọ̀rọ̀ méjì mẹ́ta tí mo dá mọ̀, màá sì fi àdúrà tí mo gbọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì dí àlàfo tó kù. Màmá àgbà á ní, "Àmín. Ìyá wa mọ àdúrà í gbà o." Inú mi á máa dùn.

Àbúrò kan ṣoṣo ni Màmá àgbà ní, Ìyá Ìdí Arẹ́rẹ́ la ń pè wọ́n. Nígbà èwe wọn, wọ́n ti kéde ìgbéyàwó àbúrò yìí pẹ̀lú ọmọ kátíkíìsì lẹ́ẹ̀mejì ní ṣọ́ọ̀ṣì, kó tó bá oníṣòwò Mùsùlùmí kan lọ sí Ìdí Arẹ́rẹ́. Màmá àgbà ló dìde láàárín ìjọ, tí wọ́n ní kí wọ́n má kéde ẹlẹ́ẹ̀kẹta mọ́. Látọjọ́ náà, ojú àwọn méjèèjì ò kanra mọ́. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn, torí a ní Mùsùlùmí nílé, a jọ ń jẹ ẹran Iléyá ni. Ìtìjú ọjọ́ yẹn ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọmọ-ọmọ Ìyá Ìdí Arẹ́rẹ́ kan dé, ọmọ yunifásítì tó ń kọ́ èdè Yorùbá, ẹgbẹ́ mi. Ó dọ̀bálẹ̀.

"Màmá àgbà, wọ́n ní kí n wá pè yín. Ara wọn ò yá rárá. Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀kan péré làwọn fẹ́ rí yín."

Mo rò pé Màmá àgbà á bú u. Wọ́n kàn ní kí n gbé àpótí wá. "Ọmọ ìyá ńlá wa náà lọ fẹ́ Ìmàle. Ojú ìwé tí òwú dúdú wà nínú ẹ̀ ni kó o ṣí. Ohun tí wọ́n bá ṣe fún ọmọ tiwọn ni màá ṣe."

Mo ṣí i. Mo rí "ọmọ mi", mo rí "ilẹ̀kùn" níwájú, ìyókù dàrú. Ọmọ yunifásítì na ọrùn láti ẹnu ọ̀nà, ó rẹ́rìn-ín.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ rọra o. Ṣé kí n lọ bá yín wá awò ojú ni?"

Ara mi gbóná. Mo gbé ohùn sókè: "Ọmọ mi wá lónìí. Mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn nítorí orúkọ Jésù." Mo rò pé ohun tí Màmá àgbà fẹ́ gbọ́ nìyẹn.

Màmá àgbà gba ìwé lọ́wọ́ mi, wọ́n pa á dé. "Ó ti tó," wọ́n ní. "Sọ fún ìyá àgbà ẹ pé mo gbọ́." Wọn ò lọ.

Lọ́jọ́ kẹrin, Ìyá Ìdí Arẹ́rẹ́ kú. Wọ́n sin wọ́n lọ́jọ́ náà, bí àwọn Mùsùlùmí ti ń ṣe. Kí ìròyìn tó dé Bẹẹrẹ, ilẹ̀ ti bò wọ́n.

Oúnjẹ ò wọlé fún mi mọ́. Mo gbé ìwé náà lọ bá tíṣà fẹ̀yìntì kan nítòsí Mápó. Wọ́n gbé e sójú fèrèsé, wọ́n ń fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan, wọ́n kà á jáde wẹ́rẹ́:

"Ọmọ mi wá l'ónìí, ó pọn ọmọ. Baba rẹ̀ kò dá a l'óhùn. Mo ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀hìnkùlé fún u, mo sì fi aṣọ mi gba ọmọ náà pọ̀n. Olúwa, bí èyí bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, èmi ni kí O bi léèrè."

Tíṣà wò mí. "Ṣé ẹ ò kà á rí nílé yín ni?"

Mo gba ìwé náà, mo gba ilé lọ.

Mo bá Màmá àgbà níbi tí wọ́n ti ń ṣa ẹ̀wà lójúde. Mo dọ̀bálẹ̀, mo jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀. Ọwọ́ wọn ò dúró.

"Bàbá ẹ ti kà á fún mi kó tó kú," wọ́n ní. "Mo mọ ohun tó wà níbẹ̀."

"Ẹ mọ̀ ọ́n? Kí ló dé tẹ́ ẹ wá ní kí n kà á?"

"Mo fẹ́ kí ẹnì kan tì mí lọ ni. Nígbà tó o wá kà á bẹ́ẹ̀, mo ní ó kúkú dára bẹ́ẹ̀." Wọ́n ju ẹ̀wà kan tí kòkòrò ti jẹ nù. "Dìde. Ilẹ̀ tutù."

Màmá àgbà náà ti lọ báyìí. Mò ń tún fóònù ṣe ní Mọlété, àpótí sì wà lọ́dọ̀ mi. Ọ̀pọ̀ oṣù ni mo fi kọ́ bí wọ́n ti ń ka ọwọ́ ìyá ńlá lọ́dọ̀ tíṣà. Síbẹ̀, tí àwọn ará ilé bá pé jọ lọ́jọ́ Ìsinmi, ibi tó ṣókùnkùn sí mi ṣì pọ̀. Màá sọ fún wọn pé ibí yìí ò yé mi. Kò sẹ́ni tó bínú rí. Wọ́n á kàn ní kí n kọjá síbòmíràn, tàbí kí n fún ẹlòmíràn wò. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí. Ká ní mo na ìwé náà sí ọmọ yunifásítì yẹn lọ́jọ́ náà, ì bá kà á, ì bá sì tún fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Màmá àgbà ì bá sì ti wọ bàtà wọn kó tó kà á tán.